Gbèsè Tó Ń Ṣí Kiri: Láti Ayé Ìwọ̀fà Dé Ayé Káàdì

Oríṣi onígbèsè méjì ló wà láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé: èyí tó lè fi olówó rẹ̀ sílẹ̀ lọ bá ẹlòmíràn, àti èyí tí kò ríbi lọ. Níbi tí onígbèsè bá ti lè ṣí, èlé a máa wálẹ̀; níbi tí ọ̀nà bá ti dí, iye tó bá wu olówó ni yóò bù lé e. Káàdì kírẹ́dìtì wà lápò ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní Peckham, ní Houston àti ní Maryland lónìí, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti gba lẹ́tà tó ní kí wọ́n kó gbèsè orí káàdì kan lọ sórí òmíràn tí kò ní gba èlé fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà yẹn kò ṣàdédé dé. Ìjà ọjọ́ pípẹ́ láàárín ayánilówó àti onígbèsè ló bí i, ẹni tó bá sì mọ bí ìjà náà ṣe lọ ni yóò mọ ibi tí èrè wà nínú rẹ̀ àti ibi tí wọ́n gbẹ́ kòtò sí.

Nílẹ̀ Yorùbá àtijọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń san èlé. Ẹni tó bá yá owó láti fi sìnkú tàbí láti fi bọ́ nínú ọ̀ràn yóò lọ máa sin olówó, tàbí kó fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ sọfà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó kò dín ojú owó kù rárá. Èlé nìkan ló ń san. Bó bá sin ín fún ogún ọdún, iye tó yá lọ́jọ́ kìíní náà ló ṣì jẹ. Samuel Johnson ṣàlàyé ètò yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká dúró wò dáadáa: ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Bí ọwọ́ olówó rẹ̀ bá le jù, ó lè wá ẹlòmíràn tí yóò san owó ti àkọ́kọ́ padà, kó sì máa lọ sin olówó tuntun náà. Gbèsè kò dín, ṣùgbọ́n ìyà dín. Olówó tó bá mọ̀ pé ìwọ̀fà òun lè lọ, ó di dandan kó fi ọwọ́ rọ̀ ọ́.

Lókè òkun, àwọn ìjọba ló kọ́kọ́ jẹ adùn ṣíṣí gbèsè. Ogun tí Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ sí lórí ìtẹ́ Austria parí ní 1748, ó sì fi gbèsè rẹpẹtẹ sílẹ̀ sọ́rùn ìjọba. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń jẹ èlé ìdá 4 nínú 100 lọ́dún. Ní 1749, Henry Pelham tó jẹ́ olórí ìjọba gbé òfin kalẹ̀ pé èlé náà yóò wálẹ̀ sí ìdá 3 àti ààbọ̀, nígbà tó bá sì di 1757, yóò di 3. Ẹni tí kò bá gbà, kó wá gba ojú owó rẹ̀ padà. Àlàáfíà ti dé nígbà náà, owó pọ̀ nígboro Lọ́ńdọ̀nù, Pelham sì mọ̀ pé ìjọba yóò rí ẹlòmíràn yá owó lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìdá 3. Àwọn olówó kùn títí, wọ́n gbà níkẹyìn. Neville Chamberlain, mínísítà ètò ìṣúná, tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1932 sí gbèsè ogun tó lé ní bílíọ̀nù méjì pọ́n-ùn: ó mú èlé rẹ̀ kúrò ní ìdá 5 wá sí 3 àti ààbọ̀. Owó tí Gẹ̀ẹ́sì rí tọ́jú nípa bẹ́ẹ̀ kò kéré, kò sì sí ẹni tó pe ìjọba ní oníjìbìtì nítorí pé ó wá olówó tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀.

Ọ̀nà yìí kò ṣí fún mẹ̀kúnnù. Òṣìṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí New York tó bá fi aago tàbí ẹ̀wù ìjáde rẹ̀ dógò kò rí ẹni tí yóò bá a gba gbèsè náà kúrò lọ́rùn rẹ̀. Gbèsè rẹ̀ kéré lójú báǹkì, kò sì sí àkọsílẹ̀ kankan tí àjèjì lè wò kó tó mọ̀ bóyá ẹni tó ń san gbèsè ni. Ohun méjì wọ̀nyí ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn títí di ìgbà tí káàdì dé.

Ní 1950, Frank McNamara àti Ralph Schneider dá Diners Club sílẹ̀ ní New York. Káàdì oníwèé lásán ni, fún àwọn oníṣòwò tó ń jẹun nílé oúnjẹ olówó ńlá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ san gbogbo owó náà nígbà tí ìwé gbèsè bá dé. Gbèsè kankan kò jókòó síbẹ̀, kò sì sí èyí tí wọ́n máa ṣí.

Fresno, ní California, ni nǹkan ti yí padà. Ní Oṣù Kẹsàn-án 1958, Bank of America fi nǹkan bíi 60,000 káàdì ránṣẹ́ sílé àwọn ará ìlú náà. Kò sẹ́ni tó béèrè. Wọ́n kàn bá a nínú lẹ́tà wọn. Káàdì yìí kò béèrè pé kí ènìyàn san gbogbo rẹ̀ lópin oṣù. Ẹni tó bá rí owó lè san án tán láàárín ọjọ́ díẹ̀ láìsí èlé, ẹni tí kò bá rí lè san díẹ̀, kí ìyókù máa yí lọ sí oṣù tó ń bọ̀ pẹ̀lú èlé ìdá 1 àti ààbọ̀ nínú 100 lóṣù, èyí tó jẹ́ 18 lọ́dún. Joseph Williams tó darí ètò náà gbà gbọ́ pé ìdá 4 péré nínú àwọn gbèsè náà ni kò ní wọlé lásìkò. Ìdá 22 ni kò wọlé. Àwọn olè jí káàdì nínú àpótí lẹ́tà, àwọn òǹtajà kan náà lu jìbìtì, báǹkì sì pàdánù mílíọ̀nù mélòó kan dọ́là kí ó tó pé ọdún méjì. Williams fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n báǹkì náà kò fi káàdì sílẹ̀, nítorí ó ti rí ibi tí èrè wà: ọ̀kẹ́ àìmọye gbèsè kéékèèké tí kò ní òpin, tí èlé wọn ń wọlé lóṣooṣù. Láàárín ọdún díẹ̀, èrè ti dé.

Àwọn báǹkì míràn kó ara wọn jọ ní 1966, ẹgbẹ́ wọn ló padà di Mastercard. Káàdì Fresno sì di Visa ní 1976. Ní Oṣù Kẹfà 1966 ni Barclays gbé Barclaycard jáde ní Ìlú Ọba. Amẹ́ríkà fi òfin de fífi káàdì ránṣẹ́ sí ẹni tí kò béèrè ní 1970. Síbẹ̀, onígbèsè káàdì kò tíì ríbi ṣí lọ, torí pé iye tí báǹkì yìí ń gbà náà ni tọ̀hún ń gbà.

Ọdún 1978 ni kókó nínú ìtàn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń lo káàdì kì í sábà gbọ́ nípa rẹ̀. Báǹkì kan ní Omaha, ní ìpínlẹ̀ Nebraska, ń fún àwọn ará Minnesota ní káàdì, ó sì ń gba èlé tó ju èyí tí òfin Minnesota fàyè gbà lọ. Báǹkì Marquette ti Minneapolis pè é lẹ́jọ́. Ní Oṣù Kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ láìsí àtakò kankan láàárín àwọn adájọ́ pé òfin ibi tí irú báǹkì bẹ́ẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí ni yóò tẹ̀ lé, kì í ṣe òfin ibi tí onígbèsè ń gbé. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dorí kodò: olówó ló gba ẹ̀tọ́ láti ṣí.

Wọn kò fi àkókò ṣòfò. Ọ̀wọ́n gógó ọjà ń gbóná ní Amẹ́ríkà, Paul Volcker tó jẹ́ ọ̀gá báǹkì àpapọ̀ sì jẹ́ kí èlé tí àwọn báǹkì fi ń yá owó láàárín ara wọn gòkè dé nǹkan bí ìdá 20. Òfin New York kò sì jẹ́ kí Citibank gbà ju 18 lọ lórí 500 dọ́là àkọ́kọ́, àti 12 lórí èyí tó bá lé. Ẹni tó ń fi 20 yá owó tó ń fi 12 àti 18 yáni, òfò ló ń ṣe. Ìpínlẹ̀ South Dakota, lábẹ́ gómìnà Bill Janklow, mú ìdènà èlé kúrò, Citibank sì kó iṣẹ́ káàdì rẹ̀ lọ sí Sioux Falls ní 1981. Delaware náà ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ jù lọ káàdì Amẹ́ríkà kò ní òkè àjà tí èlé rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá.

Ohun tó bí mi nínú jù nínú ìtàn yìí ni èyí tó tẹ̀ lé e. Ọ̀wọ́n gógó rọlẹ̀, èlé tí báǹkì fi ń yá owó rọ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n èlé káàdì dúró sí 18 sí 19 jálẹ̀ gbogbo ọdún 1980 sókè. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún báǹkì ló ń ta káàdì, kò sì sí ẹni tó fẹ́ já owó rẹ̀ wálẹ̀. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé Lawrence Ausubel kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1991. Lára àlàyé tó ṣe ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà pé àwọn yóò jẹ gbèsè lórí káàdì, nítorí náà wọn kì í wo èlé rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbà á. Báǹkì tó bá sọ èlé rẹ̀ kalẹ̀ yóò sì bẹ̀rù pé àwọn tí kò ní rí owó san ni yóò kọ́kọ́ sáré wá. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún náà, Ààrẹ George H. W. Bush sọ pé òun fẹ́ kí èlé káàdì wálẹ̀. Aṣòfin Alfonse D'Amato gbé àbá dìde pé kó má ju 14 lọ, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà sì fi ìbò 74 sí 19 gbà á. Lọ́jọ́ mélòó kan sí i, ọjà ìpín ìdókòwò já wálẹ̀ ní àmì 120 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àwọn olóṣèlú fòyà, àbá náà sì kú.

Ohun tí òfin kò rí ṣe, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí àánú. Richard Fairbank àti Nigel Morris ti kiri ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ báǹkì pẹ̀lú èrò kan kí Signet, báǹkì kan ní Richmond ní Virginia, tó gbà wọ́n lálejò ní 1988. Èrò wọn ni pé kò yẹ kí gbogbo ènìyàn máa san iye kan náà. Kí báǹkì máa dán lẹ́tà oríṣiríṣi wò lára àwọn èrò, kó sì mọ irú ẹni tó ń san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsá lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sókè, wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn tó jẹ báǹkì míràn ní gbèsè: ẹ kó gbèsè yín wá sọ́dọ̀ wa, èlé tí a ó gbà ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ kéré sí èyí tí ẹ ń san. Ẹ̀ka káàdì náà yapa kúrò lára Signet láàárín 1994 sí 1995, ó sì di Capital One.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ ẹni tí wọ́n máa kọ̀wé sí? Àkọsílẹ̀ ni. Ilé iṣẹ́ tí Bill Fair àti Earl Isaac dá sílẹ̀ ní 1956 gbé máàkì FICO jáde ní 1989, láti 300 sí 850, tó ń sọ bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí ènìyàn san gbèsè rẹ̀. Ohun tí òṣìṣẹ́ tó fi aago dógò kò ní nìyẹn. Báǹkì kan tó wà ní Virginia wá lè wo onígbèsè kan ní Arizona tí kò rí rí, kó mọ iye tó jẹ àti bó ṣe ń san án, kó sì sọ fún un pé kó máa bọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, gbèsè 3,000 dọ́là ti mẹ̀kúnnù ní ohun tí Pelham ní ní 1749: olówó mìíràn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Bí ìdíje ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èlé oṣù ìbẹ̀rẹ̀ ń já bọ́ títí ó fi di òdo. Capital One wọ Ìlú Ọba ní 1996; Egg, tí ilé iṣẹ́ Prudential dá sílẹ̀ ní 1998, wà lára àwọn tó sọ èlé òdo di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ níbẹ̀. Láti 2003 tí Martin Lewis ti bẹ̀rẹ̀ ìkànnì MoneySavingExpert ló ti ń kọ́ àwọn ará Ìlú Ọba bí wọ́n ṣe lè kó gbèsè kiri láti káàdì dé káàdì, kí àsìkò èlé òdo ìkan má tíì parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń yá owó èlé òdo náà, wọ́n ń fi í pamọ́ sí àpò ìfowópamọ́ tó ń san ìdá 4 tàbí 5, wọ́n sì ń jẹ èrè. Báǹkì kò dákẹ́: wọ́n fi owó ìkógbèsè lé e, ìdá 2 tàbí 3 nínú 100 gbèsè náà, ìyẹn sì ti di àṣà títí dòní.

Kòtò tó burú jù nígbà náà ni ti bí wọ́n ṣe ń pín owó tí ènìyàn bá san. Ká sọ pé ẹnì kan kó 4,000 dọ́là wá sórí káàdì tuntun ní èlé òdo, lẹ́yìn náà ó fi káàdì kan náà ra ohun èlò ilé tó tó 500 dọ́là ní èlé 19. Tó bá san 300 dọ́là lóṣù, orí gbèsè èlé òdo ni báǹkì ìgbà náà máa ń kó gbogbo rẹ̀ sí. 500 dọ́là yẹn yóò jókòó síbẹ̀, èlé rẹ̀ yóò máa gun ara wọn, ẹni náà kò sì ní lè fọwọ́ kàn án títí yóò fi san 4,000 tán. Inú ìwé kéékèèké ni wọ́n kọ ọ́ sí. Jìbìtì lójú mi ni, pé òfin gbà á láàyè nígbà náà kò sì yí èrò mi padà.

Ìwádìí kan tí Ausubel àti Haiyan Shui ṣe lórí lẹ́tà káàdì tún fi ohun mìíràn hàn. Báǹkì kan fi oríṣiríṣi lẹ́tà ránṣẹ́: ìkan sọ pé èlé jẹ́ 4.9 fún oṣù mẹ́fà, òmíràn sọ pé 7.9 fún oṣù méjìlá. Àwọn tó gba ti oṣù mẹ́fà ló pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì jẹ gbèsè náà lẹ́yìn tí oṣù mẹ́fà ti kọjá, tí èlé ti fò sókè. Ìbá sàn fún wọn ká ní wọ́n gba 7.9. Báǹkì ti mọ̀ pé ènìyàn máa ń rò pé òun yóò san gbèsè òun kíákíá ju bó ṣe máa rí lọ, orí èrò yẹn ni èrè lẹ́tà náà sì dúró lé.

Ní Oṣù Karùn-ún 2009, lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀, Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí òfin káàdì tuntun, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kejì 2010. Àsìkò èlé ìbẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní oṣù mẹ́fà. Báǹkì kò lè gbé èlé gòkè lórí gbèsè tó ti wà nílẹ̀ bí onígbèsè kò bá tíì fi 60 ọjọ́ pẹ́. Owó tí ènìyàn bá san ju iye tó kéré jù lọ, orí gbèsè tí èlé rẹ̀ ga jù ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ìlú Ọba gba ìlànà ìpín-owó kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ 2011. Nígbà tó di 2018, FCA, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ ìnáwó, tún pa á láṣẹ fún àwọn báǹkì níbẹ̀ pé kí wọ́n wá ojútùú fún ẹni tó ti fi oṣù 18 san èlé àti owó ìtanràn ju ojú owó lọ. Ìjà ọdún mẹ́wàá mélòó kan ló bí àwọn òfin wọ̀nyí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó jà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà lónìí nìyí. Láàárín 2022 sí 2023 ni báǹkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé èlé gòkè, gbèsè káàdì orílẹ̀-èdè náà kọjá tírílíọ̀nù kan dọ́là ní 2023, èlé káàdì tó wọ́pọ̀ sì kọjá 20. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ẹnì kan jẹ 6,000 dọ́là ní èlé 22. Bíi 110 dọ́là ni èlé oṣù àkọ́kọ́ nìkan. Tó bá ń san 344 dọ́là lóṣù, yóò lò ju oṣù 21 lọ, èlé tí yóò san yóò sì tó 1,300 dọ́là. Tó bá kó gbèsè náà lọ sórí káàdì èlé òdo olóṣù 18, tó san owó ìkógbèsè ìdá 3, ìyẹn 180 dọ́là, 344 kan náà lóṣù yóò parí gbogbo rẹ̀ lóṣù kejìdínlógún. Ó ti fi nǹkan bíi 1,100 dọ́là sápò. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ìdá 5 ni wọ́n gbà, èrè ṣì wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n 344 yẹn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ẹni tó bá kó gbèsè lọ, tó wá ń san iye tó kéré jù tí báǹkì béèrè, àsìkò èlé òdo yóò tán mọ́ ọn lọ́wọ́, èlé tuntun yóò sì bọ́ sórí ìyókù. Èyí tó burú jù ni káàdì àtijọ́ tó ti ṣófo tó sì tún ń pè é pé kó wá nájà. Báǹkì kì í sì í gba gbèsè orí káàdì tirẹ̀ sórí káàdì tirẹ̀ mìíràn, wọ́n máa ń dá ọjọ́ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ti kó o wá, pípẹ́ san owó lẹ́ẹ̀kan sì lè ba àdéhùn jẹ́. Káàdì ṣọ́ọ̀bù tó ń sọ pé kò sí èlé fún ọdún kan tún yàtọ̀ pátápátá: bí dọ́là mélòó kan bá ṣẹ́ kù lọ́jọ́ tó bá parí, èlé gbogbo ọdún náà lè bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nílé, ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Káàdì tó ń fa owó ẹni gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ń lò, èlé ìpìlẹ̀ báǹkì àpapọ̀ wa (CBN) sì dé 27.5 ní Oṣù Kọkànlá 2024. Ohun tó sún mọ́ kíkó gbèsè kiri jù níbẹ̀ ni báǹkì tó ń san gbèsè òṣìṣẹ́ fún báǹkì míràn kó lè di oníbàárà tirẹ̀.

Àwọn tí ọkàn mi wà lọ́dọ̀ wọn ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé òkè òkun. Nọ́ọ̀sì tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Ìbàdàn dé Lọ́ńdọ̀nù tàbí Dallas lọ́dún tó kọjá kò ní àkọsílẹ̀ gígùn. Ẹni tí èlé ń pa jù ni ilẹ̀kùn èlé òdo sábà máa ń tì mọ́, àní ní Ìlú Ọba, ìdá 51 péré nínú àwọn tí báǹkì gbà ni òfin sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ rí iye tí wọ́n fi polówó. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wá kàn. Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa: ìjábọ̀ C. F. Strickland ní 1934 àti òfin 1935 ló fẹsẹ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ń fi oko dógò fún àwọn ayánilówó. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ irú rẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ fún ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ gba èlé tó ju 18 lọ láti 1987 títí di ìsinsìnyí. Àwọn kan nínú wọn kì í gba owó ìkógbèsè, wọ́n sì máa ń wo owó oṣù ọmọ ẹgbẹ́ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò tíì gùn kí wọ́n tó sọ fún un pé rárá.